Odi Elmina: Ilé Kan, Ọ̀gá Púpọ̀

Odi àtijọ́ kan ni mo fẹ́ mú yín wọ̀ lónìí, ní etíkun Gánà, ní ìlú tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Edina, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Elmina.

Ẹ jẹ́ ká ti àárín àgbàlá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gba orí afárá tó wà lókè yàrà kọjá, tí ẹ wọ abẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá, ilé kan wà tó dá dúró láàárín gbangba, tí ògiri funfun yí i ká. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni tẹ́lẹ̀, àwọn Potogí ló kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ará Holland gba odi náà lọ́wọ́ Potogí ní ọdún 1637, wọn kò wó ilé yẹn. Wọn kì í ṣe ìjọ póòpù, wọn ò sì ní fi ibi tí ọ̀tá wọn ti ń gba máàsì ṣe ilé àdúrà. Ilé ìṣòwò ni wọ́n sọ ọ́ dà. Àwọn tó ń mú àlejò rìn nínú odi náà lónìí a máa sọ pé wọ́n ta ẹrú níbẹ̀ pẹ̀lú. Òkè ni àwọn ará Holland gbé ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn lọ, wọ́n sì kọ ẹsẹ kan nínú Sáàmù 132 sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ayé òde òní, ilé àárín àgbàlá yẹn ti di musíọ́mù. Ibi àdúrà di ibi ìnájà, ibi ìnájà di ibi ìwòran. Síbẹ̀, ilé kan náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ sí Elmina, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lọ, òun náà ni wọ́n sì ń gbé bọ̀: pé ilé ẹrú ni. Òótọ́ ni, ilé ẹrú ni. Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìtàn tó wà lára ògiri yẹn ju ẹyọ kan lọ, orí ara wọn ni wọ́n sì jókòó sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwa ọmọ Yorùbá kò gbọ́ ọ rí tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ó kàn wá.

Wúrà ló gbé àwọn Potogí dé etíkun yẹn ní 1471. Nígbà tí wúrà náà ń wọlé fún wọn dáadáa, ọba wọn, João Kejì, ń bẹ̀rù pé òyìnbó mìíràn yóò gbọ́, yóò sì wá bá òun pín in. Ní oṣù kejìlá ọdún 1481, ó rán ọ̀gágun kan, Diogo de Azambuja, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ ogun, àwọn bíríkìlà àti àwọn káfíńtà. Òkúta tí wọ́n máa fi kọ́ ilé, ilé ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ wá. Igi, ìṣó àti ohun ìbolé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀.

Olórí ìlú náà nígbà yẹn, ẹni tí àkọsílẹ̀ Potogí pè ní Caramansa, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé àwọn fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, ohùn yí padà. Ohun tó dá wọn lóhùn ni pé ọ̀rẹ́ tó ń wá tó ń lọ, tí a ń fojú sọ́nà fún, ìfẹ́ wọn máa ń tọ́jọ́ ju ti àwọn tó ń gbé ojú kan náà lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àlejò tó bá gbé òkúta ìkọ́lé dání kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n fún un lẹ́bùn, ó gbà, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé àlàáfíà ni kí wọ́n bá àwọn gbé. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, àpáta tí àwọn ará ìlú ń bọ ni àwọn bíríkìlà dá irin lé, wọ́n ń fọ́ ọ. Ìjà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ẹ̀bùn mìíràn ni Azambuja fi pẹ̀tù sí i. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ògiri fi ga tó èyí tí wọ́n lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Caramansa ti di onílẹ̀ tí ayálégbé rẹ̀ ní ìbọn.

Ó yá, odi ti dúró. Kí ni àwọn Potogí fi ń ra wúrà? Wọ́n fi aṣọ rà á, wọ́n fi idẹ rà á, wọ́n sì fi ènìyàn rà á. Àwọn oníṣòwò tó ń gbé wúrà wá láti inú igbó nílò alárùú tí yóò bá wọn ru ẹrù padà sílé. Ni Potogí bá ń yí ọkọ̀ wá sí ìhà tiwa, sí ilẹ̀ Ìbíní àti àwọn odò tó wà lágbègbè rẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ ra ẹrú, wọ́n ń kó wọn lọ sí Elmina, wọ́n ń fi wọ́n gba wúrà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Kí ẹrú tó máa ti ibẹ̀ jáde lọ sí Amẹ́ríkà, ṣe ni wọ́n ń kó ẹrú wọ ibẹ̀, láti etíkun tiwa.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ èyí sílẹ̀ ni Duarte Pacheco Pereira. Atukọ̀ ni, akọ̀wé ni, òun sì ni gómìnà Elmina láti 1519 sí 1522. Nínú ìwé tó kọ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ó dárúkọ ìlú ńlá kan tí yàrà ńlá yí ká. Ó pè é ní Geebuu. Ìjẹ̀bú ni. Ó ní wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀, tí ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ń ra ẹyọ kan, wọ́n sì ń ta eyín erin. Ẹni tó bá ti dé ibi Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, rí, tó dúró nísàlẹ̀ yàrà yẹn tó gbójú sókè, yóò mọ irú ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ. Ẹ ò rí i báyìí pé ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ òyìnbó tó pẹ́ jù lọ nípa Ìjẹ̀bú, ọwọ́ ẹni tó padà jẹ gómìnà Elmina ló ti jáde. Ó kọ nípa odi tiwa, ó sì lọ ṣe ọ̀gá nínú odi tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká jáde sí òkè díẹ̀. Òkè kékeré kan wà ní òdìkejì omi, tó dojú kọ odi náà. Láti 1596 ni àwọn ará Holland ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà já Elmina gbà. Ní 1625, wọ́n kó ogun rẹpẹtẹ wá, àwọn ọmọ Elmina tó wà lẹ́yìn Potogí ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń sinmi, wọ́n pa wọ́n bẹẹrẹ. Ní 1637, wọ́n tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Bràsíìlì ni ọkọ̀ ogun wọn ti gbéra, nítorí wọ́n ti gba ilẹ̀ ìrèké Pernambuco lọ́wọ́ Potogí, wọ́n sì ń wá ẹrú tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọn kò kọjú ìjà sí ògiri rárá. Orí òkè yẹn ni wọ́n wọ́ àgbá gùn, níbi tí Potogí kọ́ ilé àdúrà kan sí, wọ́n sì ń yìn ín sílẹ̀ sínú odi. Kí oṣù kẹjọ tó parí, Potogí ti jọ̀wọ́ ara wọn.

Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ní àwọn ọdún 1660, àwọn ará Holland kọ́ odi kejì sórí òkè náà gan-an, wọ́n pè é ní Coenraadsburg, kí ẹlòmíràn má baà gba ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn gbà wọlé. Odi náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá lọ sí Elmina, ẹ má ṣe wo odi ńlá tán kẹ́ ẹ kàn wọkọ̀. Ẹ gun òkè yẹn. Orí rẹ̀ lẹ ti máa rí bí ogun 1637 ṣe parí ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fẹnu sọ ọ́ lọ.

Bí àwọn Potogí ṣe pàdánù Elmina, wọn ò fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn tó wà ní Bàhíà, ní Bràsíìlì, ní tábà, tábà sì ń tà wàràwàrà ní etíkun tiwa. Ni àwọn ará Holland bá ṣòfin: ọkọ̀ tábà láti Bàhíà tó bá fẹ́ ra ẹrú ní ìhà ìlà-oòrùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní Elmina, kó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló tó lè lọ sí Popo, Ouidah, Jakin tàbí Apa, èyí tó wà lẹ́bàá Àgbádárìgì. Nítorí náà, àwọn kan nínú ọkọ̀ tó kó ènìyàn wa lọ sí Bàhíà, iwájú ògiri yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sanwó ìbodè. Ó tún kù. Orúkọ tí Potogí pe odi náà ni São Jorge da Mina. Ní Rio de Janeiro, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mina ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan Elmina láyé wọn, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè wọ́n lọ́jà.

Ẹ wá ká padà sínú odi, ká lọ sí àgbàlá àwọn obìnrin. Àgbàlá kékeré ni, kò ní òrùlé, ògiri ló yí i ká. Àwọn yàrá tó yí i po ṣókùnkùn, ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé kéré, ó sì wà lókè. Ilẹ̀ yàrá náà dúdú, òórùn ọ̀rinrin sì máa ń kan àlejò nímú ní ẹnu ọ̀nà. Lórí ilẹ̀ àgbàlá náà, ọta àgbá irin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Afinimọ̀nà á sọ fún yín pé obìnrin tó bá kọ̀ fún gómìnà ni wọ́n ń so mọ́ ọn, nínú oòrùn, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wá gbójú sókè, fàráńdà gómìnà rèé. Ibẹ̀ ló ti máa ń yọjú wo àwọn obìnrin tí wọ́n kó jáde sílẹ̀, tó ń nàka sí èyí tó wù ú. Àtẹ̀gùn kan wà tó gbé ẹni náà gòkè lọ bá a. Láti fàráńdà yẹn sí ilẹ̀ kò jìnnà. Bí ènìyàn bá sunkún nísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè á gbọ́.

Ní ìkángun kejì, ẹnu ọ̀nà tóóró kan wà tó kọjú sí omi. Ènìyàn kan ṣoṣo ló lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni àwọn ẹrú ti ń jáde bọ́ sínú ọkọ̀. Nínú àgbàlá ńlá náà, yàrá ẹ̀wọ̀n méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ní ihò atẹ́gùn, ti sójà òyìnbó tó bá ṣẹ̀ nìyẹn, yóò sùn níbẹ̀, yóò sì jáde. Èkejì kò ní. Wọ́n gbẹ́ àwòrán agbárí òkú sí òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde láàyè.

Níbí ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú odi yẹn. Ilé tí wọ́n kọ́ láti fi ṣọ́ wúrà, àtúnṣe tó nílò kó tó di ilé tí wọ́n fi ń ṣọ́ ènìyàn kò tó nǹkan. Ògiri tó nípọn ti wà níbẹ̀. Yàrá ìkẹ́rùsí ti wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ̀ṣọ́ lè dúró tì, àti ẹnu ọ̀nà mìíràn tó já sí omi, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ọjà ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan tó gba ibẹ̀ kò fi wó o: ilé náà kò kọ iṣẹ́ kankan.

Ẹ má sì jẹ́ ká ti gbogbo ẹ̀bi sórí ògiri. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Àwọn òyìnbó tó ń gbé inú odi náà kò pọ̀, wọn kò sì tó ẹni tó lè wọ inú igbó lọ mú ènìyàn. Àwọn ọba àti oníṣòwò láti òkè ló ń kó ẹrú wá bá wọn. Bí ẹ bá wo àwọn àgbá ńlá orí odi, òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjú sí, nítorí òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n bẹ̀rù jù. Ti ilẹ̀, owó ni wọ́n ń fi yanjú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Holland ń san owó fún ọba Asante, ọ̀kan nínú àwọn ọba òkè yẹn, déédéé, ọba náà sì ka owó yẹn sí àmì pé òun ló ni Elmina.

Holland fòfin de òwò ẹrú ní 1814. Iṣẹ́ kò tán nínú odi. Láti 1831 títí di 1872, nǹkan bí 3,000 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n gbà síṣẹ́ sójà níbẹ̀, tí wọ́n kó lọ jagun fún wọn ní Java àti Sumatra. Púpọ̀ nínú wọn, ẹrú ni wọ́n, owó iṣẹ́ ogun wọn ni wọ́n sì yọ ìràpadà wọn lára rẹ̀. Àwọn tó padà wálé, orí òkè kan ní Elmina ni wọ́n tẹ̀ dó sí, Java Hill ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1872, àwọn ará Holland gbé odi náà lé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn onílẹ̀. Ọba Elmina, Kobina Gyan, kọ̀ jálẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Asante náà dìde ogun. Ní oṣù kẹfà ọdún 1873, Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú Elmina àtijọ́, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ odi gan-an, wọ́n jó o kanlẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ gbalasa tí ẹ máa rí ní ìwọ̀ oòrùn odi, ìlú ni. Láti àwọn ọdún 1980 ni onímọ̀ nípa ohun inú ilẹ̀ kan, Christopher DeCorse, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú ibẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé àwọn ará ìlú ló ń bá pàdé, pẹ̀lú àwo, ìgò, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò tábà, tìbílẹ̀ tòkèèrè papọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Àlejò lójú, kò fi í ríran.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì mú ọba Asante, Prempeh Kìíní, ní Kumasi ní 1896, inú odi Elmina ni wọ́n kọ́kọ́ tì í mọ́, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ìjòyè, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí Sàró, tí wọ́n tún gbé wọn lọ sí erékùṣù Seychelles ní 1900. Ọdún 1924 ló tó padà sílé. Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n máa fi hàn yín. Ẹ rò ó wò: àwọn baba ńlá rẹ̀ gba owó lórí odi yìí, òun ṣẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọlọ́pàá tuntun ló ń kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní 1979, àjọ UNESCO ka Elmina àti àwọn odi yòókù ní etíkun Gánà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọ̀nà Elmina kò ṣòro fún wa. Ọ̀nà tí àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú yín, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ṣakí, ará Ìlọrin, gbà lọ ṣòwò ní Gánà, tí wọ́n sì gbà padà wálé nígbà tí òfin 1969 lé àwọn àlejò, ọ̀nà náà ni: Ṣẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lómè, Accra, Cape Coast. Kò pẹ́ lẹ́yìn Cape Coast, ẹ ti dé Elmina. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀ dání. Ẹ tẹ̀ lé afinimọ̀nà, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán, nítorí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló wà níbí kí èyí tó wà? Ta ló ń gba owó rẹ̀ nígbà náà? Ta ni wọ́n lé kúrò kí ó tó dúró?

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò mọ sí Gánà. Ẹ lè bi ilé ẹrú Àgbádárìgì, ẹ lè bi odi Ọ̀yọ́ Ilé, ẹ lè bi Erédò. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ni yín, ẹ fi wọ́n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kó wọn wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ tó bá lọ wo odi pẹ̀lú ìtàn kan, ẹni tó burú àti ẹni tí wọ́n ṣe níbi nìkan ló máa rí. Èyí tó bá béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i bí ẹni tó gba owó lónìí ṣe ń di ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́la, yóò sì mọ̀ pé ilé tí kò kọ iṣẹ́ kankan, ọwọ́ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló yẹ ká máa ṣọ́.